Irọ́ Wákàtí Mẹ́tàdínlógún Láti Sùúrùlérè Dé Winnipeg

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì pé, "Bàbá Kọ́lá, ìlú òyìnbó ńkọ́?", ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Inú ń bí mi. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí mo ti padà sílé, inú ṣì ń bí mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé wákàtí mẹ́tàdínlógún ni bàálù ń gbà láti Èkó dé Winnipeg ní ilẹ̀ Kánádà, ẹ bi í léèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ti dé ibẹ̀ rí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe gáàdì reluwé. Èmi ni mo máa ń fọn fèrè kí ọkọ̀ tó ṣí, èmi náà ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé a dé Ìbàdàn ní aago báyìí, a kúrò níbẹ̀ ní aago báyìí. Bí a bá dúró wákàtí mẹ́ta ní Jẹ́bà, a ó kà á mọ́ ọn. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ tí kò rìn, ṣé ilé ló wà ni? Ìrìn-àjò ló wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún mi ní Ojúẹlẹ́gbà kò mọ èyí. Ó ní máàpù ńlá kan lára ògiri. Ó fi okùn wọ̀n ọ́n láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó tún nà án ré òkun kọjá sí Toronto, ó wá fà á lọ sí àárín ilẹ̀ Kánádà níbi tí kò sí nǹkan kan lórí máàpù náà ju funfun lọ.

Ó ní, "Baba, no wahala. Mẹ́fà àtààbọ̀, mẹ́jọ, méjì àtààbọ̀. Wákàtí mẹ́tàdínlógún péré. Ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn, ẹ ti dé nìyẹn."

Mo ní, "Ìdúró ńkọ́?"

"Ìdúró kẹ̀? Bàálù ni o, Baba, kì í ṣe reluwé."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, torí mi ò tíì mọ̀.

*Ohun tó gbé mi lọ*

Kọ́láwọlé, ọmọ mi ọkùnrin, ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún. Fúnmi ìyàwó rẹ̀ lóyún, ọmọ-ọmọ wa àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàbá ọkọ ló ń gbé ọmọ sọ́wọ́ ní ọjọ́ kẹjọ, ẹnu rẹ̀ sì ni orúkọ ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù yóò máa sọ tiwọn. Bí ọjọ́ kẹjọ bá kọjá, ó ti kọjá nìyẹn. Kọ́lá ti kọ lẹ́tà sí mi pé, "Bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà." Físà wà nínú ìwé ìrìnnà mi, àpótí mi wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn. Ìròyìn nìkan là ń retí.

Ní ìdájí Ọjọ́rú kan, Ìyá Ṣadé, aládùúgbò wa tó ní tẹlifóònù, wá kan ilẹ̀kùn wa. Mo sáré débẹ̀ tèmi ti ṣòkòtò sísùn. Ohùn Kọ́lá ń wá, ó ń lọ.

"Bàbá, ó ti bímọ o! Obìnrin ni. Kò tíì ju wákàtí kan lọ!"

Nígbà tí mo padà wọlé, Ìyá Kọ́lá ti ń ka ìka. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ dé gan-an, bí àwọn ìyá wa ti ń kà á, ó sì parí rẹ̀ sí Ọjọ́rú tó ń bọ̀. "Wẹ́sìdeè ló bọ́ sí, Bàbá Kọ́lá. Bàálù tó kàn máa gbéra ní Sọ́ńdè, ẹ máa dé ní Mọ́ńdè, ẹ máa fi Túsìdeè sinmi. Morẹ́nikẹ́ lorúkọ ọmọ. Ẹ má gbàgbé o."

Mo ní ṣé orúkọ ọmọ-ọmọ mi ni n ó gbàgbé? Ó ní òun mọ̀ mí, tí inú bá ti ń bí mi, n kì í rántí nǹkan kan.

*Ìkẹjà*

Lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ni mo kúrò nílé, ní aago mọ́kànlá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ kékeré kan bí mo ti máa ń ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni bàálù fẹ́ gbéra. Aago méjì lù. Aago mẹ́ta lù. Nígbà tó di aago mẹ́fà, àwọn ọmọ kéékèèké ti ń sùn lórí ẹrù, àwọn àgbàlagbà ti bọ́ bàtà. Mi ò ní dárúkọ àwọn tó ni bàálù náà. Wọ́n mọ ara wọn.

Mo lọ bá ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wọn. Mo ní, "Ọmọ mi, kí ló ṣe bàálù?"

"Daddy, ẹ ṣe sùúrù."

"Sùúrù kọ́ ni mo bi ọ́. Kí ló ṣe é?"

"Wọn ò sọ fún wa, sà."

Ẹ gbọ́ mi. Nígbà tiwa, bí ọkọ̀ bá dúró nínú igbó, gáàdì gbọ́dọ̀ rìn láti kọ́ọ̀ṣì dé kọ́ọ̀ṣì kó sọ fún èrò ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n á bú ọ, wọ́n á bú bàbá tó bí ọ, ìwọ á dúró gbà á, torí ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fi ọmọ ogún ọdún síwájú pé kó máa bẹ àwọn tó lè bí i lọ́mọ, àwọn ọ̀gá sì lọ fara pamọ́ sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Wọ́n fún wa ní mítípáì kọ̀ọ̀kan àti ìgò mínírà tí kò tutù. Ilẹ̀ ọjọ́ Ajé ti mọ́ dáadáa kí wọ́n tó ní ká wọlé. Aago mẹ́sàn-án ni bàálù náà gbéra. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ìdúró, wákàtí mọ́kàndínlógún. Ìdúró nìkan ti ju gbogbo ìrìn-àjò ọmọ Ojúẹlẹ́gbà lọ, bẹ́ẹ̀ a ò tíì kúrò ní Ìkẹjà.

*Lọ́ńdọ̀nù*

Bàálù Kánádà ti lọ kí a tó dé. Wọ́n ní ó di ọ̀la. Mi ò ní físà Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà wọn ò jẹ́ kí n jáde. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, tí mo sì mọ̀ títí dòní, ni àga irin kan tí wọ́n fi ọwọ́ sí láàárín kí èèyàn má baà lè nà gbalaja.

Mo kí ọkùnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ojú mi, ó wo àpò rẹ̀, ó sì gbé àpò náà sí apá kejì. Mo tún kí obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n sí àyà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ bí ẹni tí eyín ń dùn. Mo ti gba Zaria, Kaduna àti Kánò kọjá ní ìgbà tí mi ò gbọ́ èdè wọn rárá, kò sí ibi tí mo ti kí èèyàn tí wọn ò dá mi lóhùn. Èèyàn lè ṣòfin, ó lè lówó, ó lè kọ́ ilé gíga. Bí kò bá lè dáhùn ìkíni, kí ló wá kọ́?

Ẹnì kan ṣoṣo tó ya sọ́dọ̀ mi ni obìnrin ará Gánà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó pè mí ní Papa, ó bi mí ibi tí mò ń lọ, ó sì ra tíì fún mi láti inú àpò ara rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ mi ń dúró dè mí, ó mú mi lọ sídìí tẹlifóònù, ó fi owó irin sí i, ó bá mi tẹ nọ́ńbà náà.

Kọ́lá dáhùn lójú ẹsẹ̀. Èdè òyìnbó ló ń sọ. Mo ní, "Kọ́lá, èmi ni." Kò dá mi lóhùn, ó ń bá òyìnbó tirẹ̀ lọ. Mo ní, "Kọ́láwọlé! Bàbá rẹ ń bá ọ sọ̀rọ̀, o ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí?" Nǹkan kan wá dún pìì, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìbínú gbé mi. Mo ní ṣé ìlú òyìnbó ló ti kọ́ ìwà báyìí, mo ní mò ń bọ̀, mo ní tí mo bá dé a máa sọ̀rọ̀ náà yanjú, mo sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Obìnrin ará Gánà náà di ẹnu rẹ̀ mú. Ó ní, "Papa, na machine be that o." Ó ní ẹ̀rọ ló gba ohùn Kọ́lá sílẹ̀, ó sì ti gba tèmi náà sílẹ̀. Èmi tí mo bá ẹ̀rọ jà, mi ò tilẹ̀ sọ ọjọ́ tí mò ń dé fún un. Owó irin obìnrin náà sì ti tán.

*Òkè òkun kejì*

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a gbéra lọ sí Toronto. Wákàtí mẹ́jọ ni èmi àti òyìnbó kan fi jókòó, èjìká kan èjìká, kò sọ ju "Hi" lọ. Wọ́n gbé oúnjẹ wá: ewé tútù tí wọn ò sè, búrẹ́dì tó le bí òkúta, ẹran kan tí kò ní iyọ̀, tí kò ní ata, tí kò sì ní ìtìjú. Mo yọ ìgò ata gígún mi, mo wọ́n ọn sí i. Òyìnbó náà sún mọ́ fèrèsé.

Ìgbà tí bàálù fẹ́ balẹ̀ ni ahọ́n rẹ̀ wá tú. Ó fi fọ́tò ajá rẹ̀ hàn mí. Mo ní ó dára. Mo ní èmi náà ń lọ sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ, ọ̀la ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Ó bi mí pé kí ni wọ́n ti ń pè é láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo ní ọmọ tuntun. Ó mirí, ó ní àánú ọmọ náà ṣe òun. Ó ní ajá òun ti lórúkọ kí òun tó gbé e délé.

Mo fi Ọlọ́run sẹ́rìí, mo ní èsì, mi ò kàn fọ̀ ọ́ jáde ni.

Ní Toronto, obìnrin aṣọ́bodè kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun tú àpótí mi sórí tábìlì. Ó gbé orógbó jáde, ó gbé ataare jáde, ó gbé ẹja gbígbẹ tí Ìyá Kọ́lá fi bébà wé, ó gbé ìgò oyin sókè wò ó lójú iná.

"Kí ni wọ̀nyí?"

Mo sọ fún un pé ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ ni, a ó fi kan ọmọ lẹ́nu, a ó fi ṣàdúrà.

"Ọmọ ọdún mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ó ní a kì í fún ìkókó ní oyin. Ó wá ń ju wọ́n sínú garawa lọ́kọ̀ọ̀kan, orógbó tí mo fọwọ́ ara mi ṣà ní ọjà Tẹ́júoṣó. Gbogbo wa pátá ni wọ́n fi oyin kàn lẹ́nu ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo sọ èyí fún un. Ó ní, "Next, please."

*Winnipeg*

Aago márùn-ún àtààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Winnipeg, ilẹ̀ ti ṣú bí ẹni pé oòrùn náà sá fún òtútù. Mo ti gbọ́ nípa òtútù. Irọ́ ni, èèyàn kì í gbọ́ nípa rẹ̀. Mo wọ súwẹ́tà méjì àti kóòtù iṣẹ́ mi àtijọ́ lé agbádá, síbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, omi imú mi dì síbi tó wà. Kò sẹ́ni tó wá pàdé mi, ta ni ìbá mọ̀ pé mo dé?

Awakọ̀ takisí kan tó we láwàní pupa jáde, ó pè mí ní Uncle, ó gba àpótí lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé tí mo kọ àdírẹ́sì sí. Ó bi mí nípa àwọn ará ilé. Ará Íńdíà ni. Nígbà tí a dé, ó bá mi gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró títí ilẹ̀kùn fi ṣí kó tó lọ. Nínú gbogbo ìlú mẹ́rin, òun àti obìnrin ará Gánà yẹn nìkan ló ṣe bí ọmọ tí wọ́n tọ́.

Fúnmi ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀, "Ẹ káàbọ̀, sà," ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àga kún pálọ̀, àwo bébà wà káàkiri, ìkòkò ìrẹsì ńlá kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti bù dé ìdí. Kò sí èrò.

Mo ní, "Ta ló ṣe ayẹyẹ?"

"Ìsọmọlórúkọ ni, sà. Òní ni."

"Òní bíi ti báwo? Ọ̀la ni!"

Kọ́lá jáde láti yàrá, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó gbé ọmọ ti lè ṣe é. "Bàbá, alẹ́ Túsìdeè ló bí i níbí. Nígbà tí mo pè yín, ilẹ̀ tiyín ti ń mọ́ di Wẹ́sìdeè. Mi ò rò ó dé ibẹ̀, sà. Ìdùnnú ò jẹ́ kí n rò ó."

Mo jókòó. Láti Ìdó dé Kánò, aago kan náà là ń lò. Ọjọ́ kan kì í jẹ́ Ìṣẹ́gun ní Ọ̀fà kó jẹ́ Ọjọ́rú ní Mínà. Ìyá Kọ́lá ka ìka rẹ̀ pé, Kọ́lá náà kà á pé, èmi ni mo wà láàárín bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti bèèrè, àmọ́ mo bèèrè.

"Orúkọ wo ni wọ́n wá sọ ọ́?"

Fúnmi wo ọkọ rẹ̀. "Wọn ò sọ ọ́ ní nǹkan kan, sà. Ọmọ yín ò gbà."

Òun ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Aago mẹ́wàá ni èrò ti dé, àwọn tó gba àyè níbi iṣẹ́. Pásítọ̀ wọn ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, bí Bàbá bá dé kó fi tirẹ̀ kún un. Kọ́lá ní rárá. Ó tẹ ẹ̀rọ tẹlifóònù náà, ó jẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ohùn mi níbi tí mo ti ń pariwo pé mò ń bọ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró. Aago méjì kọjá. Pásítọ̀ ní, "Brother Kọ́lá, ṣé Bàbá yín ló bí ọmọ ni?" Kọ́lá ní kí wọ́n jẹun. Wọ́n jẹun, wọ́n bínú, wọ́n lọ.

"Ojú tì mí, sà," ni Fúnmi wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo bẹ̀ ẹ́, kò dá mi lóhùn."

Mo wo aago wọn lára ògiri: mẹ́fà àtààbọ̀, Ìṣẹ́gun. Mo wo aago ọwọ́ mi tí mi ò tíì yí padà láti Èkó: aago kan àtààbọ̀ òru, Ọjọ́rú. Ọjọ́ kẹjọ Kọ́lá kò tíì tán, ọjọ́ kẹjọ Ìyá rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo tún wò ó kó lè dá mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo dìde lọ fọ ọwọ́.

Kò sí orógbó, kò sí oyin. Fúnmi bu iyọ̀ àti ṣúgà wá láti kíṣìnì, ó bu omi sínú ife. Mo gba ọmọ. Ó fúyẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Mo fi omi kàn án lórí, mo fi iyọ̀ àti ṣúgà kàn án lètè, mo pè é ní Morẹ́nikẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó la ojú kan, ó tún pa á dé.

Mo wá yíjú sí Kọ́lá, torí inú ṣì ń bí mi nítorí ìtìjú ìyàwó rẹ̀. Mo ní, "Èèyàn tó pọ̀ tó yẹn fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ, o sì lé wọn lọ. Ṣé o rò pé n ó bínú tí Pásítọ̀ bá sọ ọ́ ṣáájú?"

Ó ní, "Bàbá, lọ́jọ́ kẹjọ tèmi, Kafanchan lẹ wà."

Mi ò mọ̀ pé ó mọ̀.

"Màmá ló sọ fún mi. Ó ní òjò wọ́ ojú irin lọ, ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ̀ yín fi dúró. Wọn ò dúró dè yín. Ó ní ẹ délé ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ gbọ́ pé Kọ́láwọlé ni wọ́n sọ mí, ẹ ò sì sọ ohunkóhun."

Òtítọ́ ni. Bàbá mi ti kú kí á tó bí Kọ́lá, nítorí náà ẹnu mi ni orúkọ ìbá ti kọ́kọ́ jáde. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n sọ tèmi kún un, àyè wà. Mo kọ̀. Mo ní orúkọ tí wọn ò dúró gbọ́, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo gbé e mì, mo lọ sùn. Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé, n ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, n ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìbínú mi ni mo rò pé mo fi jẹ wọ́n níyà.

Kọ́lá gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi láàárín àwọn àwo bébà, ọkùnrin gìrìpá tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu funfun.

Ó ní, "Kí ni ẹ fẹ́ sọ mí, sà?"

Mo mu omi díẹ̀ nínú ife tó wà nílẹ̀.

Mo ní, "Ọládiípọ̀."

Ó ní, "Sà."